Hóró Kẹjọ

Àkàrà àárọ̀ ṣì wà lẹ́nu Ìbíyẹmí nígbà tí wọ́n gbé awò pupa wá bò ó lójú. Bí awò yẹn bá ti bo olùṣọ́ lójú, ọwọ́ òfin ti tẹ̀ ẹ́ nìyẹn: kò gbọdọ̀ wo iná funfun mọ́, kò sì gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni tó ní èèyàn nínú ihò sọ̀rọ̀ ju ìkíni lọ títí ìṣọ́ rẹ̀ yóò fi parí. Ó rọra jẹ àkàrà náà, ó mu omi lé e, ó nu ọwọ́ mọ́ ìró, ó ní ó yá, kí àwọn máa lọ. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta kì í sáré lọ síbi tó mọ̀ pé òkùnkùn ló ń dúró de òun.

Ìṣọ́ kẹta Ihò Kẹsàn-án ni wọ́n ń mú un lọ. Ọjọ́ kẹrin rèé tí àpáta ti wó, tó sì dí ihò náà mọ́ àwọn awalẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n lọ wá omi. Gbogbo ìlú Abẹ́-Àpáta ló mọ̀ pé ìṣọ́ mẹ́ta ni fún ihò tó bá wó, kò sí ìkẹrin. Ìbíyẹmí rí hóró ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta ní ìṣọ́ àkọ́kọ́, ó rí márùn-ún ní ìkejì. Kò tó. Mẹ́jọ ni òfin ń bèèrè lọ́wọ́ ojú rẹ̀. Bí tòní náà kò bá tó, àwọn ẹni méje tí wọ́n ń pè ní Ọwọ́ Méje yóò fi ìdábùú irin méje ti ilẹ̀kùn ihò náà, wọn yóò sì pa ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn wọ inú rẹ̀, nítorí pé atẹ́gùn ìlú kò pọ̀ débi tí wọ́n á fi máa fẹ́ ẹ fún òkú. Ẹni tó bá ṣì ń mí lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn á máa mí èyí tó kù níbẹ̀ títí tí kò fi ní sí mọ́.

Àwọn ẹbí tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lábẹ́ iná pupa, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí i. Bẹ́ẹ̀ ni àṣà. Ojú lọ̀rọ̀ wà, wọn kò sì fẹ́ kí olùṣọ́ gbé ojú ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ wọ inú òkùnkùn lọ. Ìbíyẹmí ń kí àwọn ẹ̀yìn náà bó ti ń kọjá, àwọn náà ń dá a lóhùn pé ẹ kú ìṣọ́ o, Màmá. Ìdílé mẹ́ta ló kà. Ìdílé kẹrin kò sí níbẹ̀, ó sì mọ ẹni tó yẹ kó dúró níbẹ̀: Láníyọnu, tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Mọ́jọyin, kéré jù lọ nínú àwọn awalẹ̀ mẹ́rin náà. Àná òde yìí ni ọmọ náà pé ọdún mọ́kànlélógún.

Inú yàrá Akọ̀wé ló ti bá a. Akọ̀wé ni ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ohùn olùṣọ́, tó ń ka hóró tó bá pè, tó sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Láníyọnu ló ń tún un ṣe. Ó yẹ kí wọ́n ti lé e kúrò nídìí rẹ̀ láti ìjẹrin, ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíì nílùú tó mọ inú ẹ̀rọ náà, wọ́n bá ṣe bí ẹni tó gbàgbé. Bó ti rí Ìbíyẹmí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kò sì dìde. Ìbíyẹmí rán an létí pé òfin kò gbà á. Ó ní òun mọ̀, òun kò wá bẹ̀bẹ̀, ohun kan lòun fẹ́ kí wọ́n gbọ́. Ó na ọwọ́ láti orí ilẹ̀ níbẹ̀, ó tẹ ẹ̀rọ náà.

Ohùn obìnrin kan jáde, ohùn tó ń gbọ̀n, tí ẹkún ti fún lọ́fun. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ. Ìbíyẹmí mọ ohùn náà. Tirẹ̀ ni, ohùn rẹ̀ ti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni olùṣọ́ ń sọ nínú Ilé Òkùnkùn. Bí hóró ìmọ́lẹ̀ bá dé, á ní ó tàn. Bí ìṣọ́ bá parí, á ní ó tán. Àwọn tó ṣe òfin náà rò pé ọ̀rọ̀ kúkúrú ló dára, ó sì jọ bẹ́ẹ̀, torí ọmọ ọdún mẹ́ta nílùú yìí kò ní ṣi ọ̀kan gbọ́ fún èkejì. Ṣùgbọ́n bí ẹkún bá gbé ohùn èèyàn sókè ńkọ́? Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ihò Karùn-ún ló wó nígbà náà, Ajíbádé ọkọ Ìbíyẹmí ló sì wà nínú rẹ̀. Òfin kò tíì kọ̀ fún olùṣọ́ láti ṣọ́ ẹni tirẹ̀. Ní ìṣọ́ kẹta, ó rí hóró méje, ìkẹjọ dé, ó sì pè é. Nígbà tó máa fi jáde sínú iná, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn. Ó ní mẹ́jọ lòun rí. Wọ́n ní méje ni Akọ̀wé kọ, pé òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé ó tán. Wọ́n ní ìbànújẹ́ ló tàn án jẹ, pé ojú ẹni tó ń sunkún máa ń rí ohun tí ọkàn ń fẹ́. Ó jà, ó ké, ó rẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, òun náà gbà wọ́n gbọ́. Ọdún mọ́kànlá gbáko ló fi gbà pé ẹnu òun lòun fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ọkọ òun.

Láníyọnu ní oṣù kejì lẹ́yìn náà lòun gbọ́ ohùn yìí nígbà tóun ń tú ẹ̀rọ wò, tóun sì mọ̀ pé ó tàn ló sọ. Ó ní láti ọjọ́ náà lòun ti kọ́ Akọ̀wé pé bí ohùn bá rú u lójú, kó máa bèèrè. Ó ní òun rò ó títí, òun rí i pé ilẹ̀kùn ti tì, pé òkú kò lè jí, kí wá ni ọ̀rọ̀ náà fẹ́ ṣe fún opó bí kò ṣe kó pa á.

"Ọdún mọ́kànlá, Láníyọnu," ni Ìbíyẹmí wí. "Ojoojúmọ́ ni o ń kí mi."

"Ẹ̀rù ló bà mí, ẹ̀gbọ́n. Ojú rí, ẹnu dákẹ́." Kò gbé orí sókè. "Ọmọ mi ló wà níbẹ̀ báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rẹ ohùn yín sílẹ̀. Ẹ má sunkún."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọkùnrin. Ó fi ọ̀bẹ gún èèyàn tán, ó ní kó má ṣẹ̀jẹ̀. Ìbíyẹmí gbé ẹsẹ̀ ré e kọjá, ó wọ Ilé Òkùnkùn lọ. Bí ilẹ̀kùn mẹ́ta ṣe ń pa dé lẹ́yìn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá sí i lọ́kàn pé bí òun bá dákẹ́ lónìí, kò sẹ́ni tó máa mọ̀, Láníyọnu náà á sì gbọ́ bí ìdábùú irin ṣe ń dún. Èrò náà bà á lẹ́rù. Ó sì dùn mọ́ ọn díẹ̀, òótọ́ ni.

Otútù wà nínú Ilé Òkùnkùn nítorí pé ooru kì í jẹ́ kí ojú sọ òótọ́. Àga kan ló wà níbẹ̀, àti ife kéékèèké mẹ́sàn-án lára ògiri, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ihò kọ̀ọ̀kan. Láti ìdí ife kọ̀ọ̀kan ni okùn dígí tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti gba inú àpáta lọ dé òpin ihò rẹ̀. Awalẹ̀ tí ihò bá wó mọ́ ni yóò gbé àtùpà àyà rẹ̀ ti ẹnu okùn náà. Ọ̀nà jìn, okùn ti gbó, àpáta sì ti tẹ̀ ẹ́ níbi púpọ̀: ìmọ́lẹ̀ tó wọlé bí ìkún garawa, hóró kan, hóró méjì ló ń jáde sínú ife. Ẹ̀rọ tó lè rí i wà, ṣùgbọ́n láyé àwọn ìyá ìyá wọn, ẹ̀rọ ti ka odidi àdúgbò mọ́ òkú nígbà tí wọ́n ṣì ń se oúnjẹ alẹ́, láti ìgbà náà ni òfin ti ní ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ pe ènìyàn ní òkú mọ́. Ẹ̀rọ lè kà, ẹ̀rọ lè kọ, ojú ènìyàn ni kó rí.

Ó yọ awò pupa, ó jókòó kí ojú rẹ̀ lè là. Ojú ń gbà tó ogójì ìṣẹ́jú kó tó mọ òkùnkùn, Akọ̀wé kì í sì í gbọ́ nǹkan kan títí olùṣọ́ yóò fi gbé ojú lé ife. Ogójì ìṣẹ́jú náà ni Ìbíyẹmí fi sunkún. Ó sun ún fún Ajíbádé tó ń gbé àtùpà ti okùn, tó gbọ́ tí ilẹ̀kùn ń tì, tí kò sì mọ̀ pé ìyàwó òun ti rí òun. Ìyẹn ló dùn ún jù. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran, ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ara rẹ̀, ó fi etí ìró nu ojú, ó fà mọ́ ife kẹsàn-án.

Má wo ọ̀gangan rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Bàbá Ọ̀ṣínlọ́yẹ tó kọ́ ọ níṣẹ́ máa ń wí. Ohun tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bá kéré, ẹ̀gbẹ́ ojú ni wọ́n fi ń wò ó. Bàbá yẹn ló sọ fún un pé lẹ́yìn ẹyinjú, àwọn sẹ́ẹ̀lì tín-ín-rín kan tò síbẹ̀ bí ọ̀ṣùṣù ọwọ̀, bí hóró ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo bá sì kan ọ̀kan nínú wọn, á dáhùn, bó sì ṣe dáhùn lónìí ló máa dáhùn lọ́la. Kì í pariwo jù, kì í kùn jù. Ìbíyẹmí bi í nígbà náà pé báwo ni ohun kékeré bẹ́ẹ̀ ṣe ń dúró lórí ọ̀rọ̀ kan tó bẹ́ẹ̀, nígbà tí èèyàn gidi kì í lè sọ nǹkan lẹ́ẹ̀mejì kó bára mu. Bàbá ní nítorí pé kì í ṣe ọwọ́ kan ló ń pa ìdáhùn náà lẹ́nu mọ́. Bó o bá ní kí ẹnì kan lọ ti ilẹ̀kùn, lónìí á yára, lọ́la á pẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹni méje ló gbọ́dọ̀ fi ìdábùú sí i tẹ̀ léra, ẹni tó yára á bo ẹni tó pẹ́ mọ́lẹ̀, ilẹ̀kùn náà á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa tì lákòókò kan náà nígbà gbogbo. Ara ojú ni ìlú ti kọ́ Ọwọ́ Méje.

Àléébù kan ni sẹ́ẹ̀lì náà ní. Nígbà mìíràn, ooru ara á tì í, á dáhùn nígbà tí ẹnikẹ́ni kò pè é. Òfìfo ni wọ́n ń pe ìyẹn. Òfìfo àti òtítọ́, ọgbọọgba ni wọ́n rí lójú, olùṣọ́ kò lè yà wọ́n. Oṣooṣù ni wọ́n ń bo ẹnu okùn láti mọ iye òfìfo tí ojú olùṣọ́ ń bí. Ti Ìbíyẹmí jẹ́ mẹ́rin ní wákàtí kan, òfin sì ní kó rí ìlọ́po méjì rẹ̀ kí wọ́n tó ṣí ihò. Ọ̀rọ̀ ṣíṣí ihò kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Lọ́dún tí Ihò Kejì wó, wọ́n ṣí i nítorí òfìfo, àpáta sì pa àwọn mọ́kànlá tó wọlé lọ gba òkú là.

Hóró àkọ́kọ́ dé, ó pè é. Ìkejì dé kíákíá lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà kò sí nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́, títí tó fi ń gbọ́ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ létí. Ìkẹta, ìkẹrin, ìkarùn-ún. Ó ń rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni ń sọ omi gbígbóná kalẹ̀. Ìkẹfà. Ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ, ó rántí òwe náà, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ nítorí pé eéje dé lóòótọ́, kò sì sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀.

"Wákàtí kan ti pé, Màmá," ni Akọ̀wé wí pẹ̀lú ohùn ọmọ dáadáa tí wọ́n fún un. "Ṣé kí n kọ ọ́ pé ìṣọ́ ti parí?"

Méje. Ibi tí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ Ajíbádé náà nìyẹn. Ìbíyẹmí ka òfin náà lọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí ó mọ̀ ọ́n lórí bí orúkọ rẹ̀. Olùṣọ́ yóò ṣọ́ títí yóò fi sọ pé ó tán. Kò sí wákàtí kankan nínú òfin. Ẹ̀yìn tó ń dun àwọn àgbà ló bí wákàtí kan. Bí òun kò bá sọ ọ̀rọ̀ yẹn, ìṣọ́ kò parí, Ọwọ́ Méje kò sì lè fọwọ́ kan irin.

Ó mọ ohun tó ń ṣe. Bí ó bá jókòó pẹ́ tó, ojú rẹ̀ nìkan á bí mẹ́jọ, á bí ogún, láìsí ẹ̀dá alààyè kan nínú ihò. Ọmọ ẹlòmíì ni wọ́n sì máa rán wọ abẹ́ àpáta tí kò tíì jókòó. Àwọn mọ́kànlá Ihò Kejì, ó mọ orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó bi ara rẹ̀ pé ta gan-an ni mò ń ṣọ́, ṣé Mọ́jọyin ni àbí Ajíbádé. Akọ̀wé tún bi í, kò gbé ojú kúrò lórí ife. Kò fẹ́ kí ilẹ̀kùn tì, ìyẹn nìkan ló dá a lójú.

Ìkẹjọ dé ní apá òsì, bíńtín, bí gbogbo àwọn yòókù. Ẹkún ti ká a mọ́ ọ̀fun kó tó lanu. Ó sọ ọ́, ohùn rẹ̀ sì fò sókè, òun náà gbọ́ ọ. Ìbíyẹmí di apá àga mú.

"Ẹ má bínú, Màmá. Ohùn yín rú mi lójú. Ṣé ìmọ́lẹ̀ dé ni, àbí ìṣọ́ parí?"

Gbólóhùn kan péré. Bí ẹnì kan bá ti bi í ní gbólóhùn yìí lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, Ajíbádé ì bá wà nílé báyìí, tí á máa kùn pé ẹ̀kọ́ ti tutù.

"Ìmọ́lẹ̀ dé," ni Ìbíyẹmí wí. "Ó tàn. Má kọ nǹkan míì."

Kó tó jáde sínú iná pupa, ó ti ń gbọ́ ẹ̀rọ tó ń lu àpáta. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí ọ̀sán fi pọ́n, kò jẹ, kò mu, ó ń ka àwọn tó wọlé, ó sì ń retí kí gbogbo wọn padà jáde. Gbogbo wọn padà. Wọ́n gbé mẹ́ta jáde láàyè, ìkẹrin jẹ́ bàbá àgbàlagbà kan tó ti kú lọ́jọ́ kejì. Láníyọnu wólẹ̀ síbi ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀. Ètè Mọ́jọyin ti bó, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Ìbíyẹmí di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní ó kú iṣẹ́, pé ó ṣe dáadáa bó ṣe gbé àtùpà ti okùn láìsú.

Ọmọ náà wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ èdè.

"Àtùpà wo, Màmá? Àpáta fọ́ gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Inú òkùnkùn la wà láti ìjẹrin."

Àwọn tó gbé e sì gbé e lọ. Ìbíyẹmí bi Láníyọnu pé ibo ni okùn Kẹsàn-án gbà kọjá. Láníyọnu wo ilẹ̀.

"Ẹ̀gbẹ́ Karùn-ún ló gbà, ẹ̀gbọ́n. Ògiri kan náà ni wọ́n ní."

Kì í ṣe pé orí Ìbíyẹmí dàrú débi tí yóò fi rò pé ọkọ òun ló gbé àtùpà. Ajíbádé ti kú, ó sì mọ ọjọ́ tó kú, nítorí ó mọ iye ọjọ́ tí èèyàn kan lè mí lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn. Ojú òun ló bí hóró mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ara tó gbóná fún ẹkún ló jẹ́ kó bí ju bó ti yẹ lọ. Òfìfo ló gba èèyàn mẹ́ta là. Ó mọ gbogbo èyí, ẹ̀rù sì ń bà á síbẹ̀, irú ẹ̀rù tí kì í jẹ́ kéèyàn lè lọ sílé.

Ó ní kí Láníyọnu ṣí ìwé Ihò Karùn-ún fún òun. Láníyọnu ṣí i. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, Ìbíyẹmí yí àmì orí ọ̀rọ̀ kan padà, èyí tó kọjú sókè, ó jẹ́ kó kọjú sílẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Akọ̀wé ka ìwé náà, ó ní ìṣọ́ kẹta Ihò Karùn-ún ti ní hóró mẹ́jọ, pé olùṣọ́ kò sì tíì sọ pé ó tán.

"N kò sọ ọ́ rí," ni Ìbíyẹmí wí, ó sì mú awò pupa.

Eruku wà lẹ́nu ife karùn-ún. Ó fi ìró nù ún. Ó jókòó, ó dúró títí ojú rẹ̀ fi mọ òkùnkùn, lẹ́yìn náà ó gbé ojú lé e, kò wo ọ̀gangan. Mẹ́rin ni ojú rẹ̀ máa ń fúnra rẹ̀ bí ní wákàtí kan. Nígbà tí àkọ́kọ́ dé, ó fọwọ́ lé àyà, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa kó má baà sí àṣìgbọ́.

"Ó tàn," ló wí.